Bí A Ṣe Ń Fi Jáàkì Gbé Bàálù Kékeré

Ẹni tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ fọ́kánásà rí mọ jáàkì. Táyà jò, fọ́kánásà ti jáàkì sábẹ́ mọ́tò, ó gbé e sókè, ó tú táyà. Bàálù náà ní táyà, ó sì ní bíréèkì. Ní Ìlọrin, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní wíwa bàálù. Orúkọ rẹ̀ ni International Aviation College. Bàálù tí a fi ń kọ́ṣẹ́ a máa gbéra, a máa balẹ̀ léraléra. Táyà rẹ̀ kì í pẹ́ jẹ.

Ǹjẹ́ bí a ti ń gbé mọ́tò ni a ó gbé bàálù? Rárá o. Ẹ wo bàálù ẹlẹ́ni mẹ́rin tí à ń pè ní Cessna 172. Bí ó ti wù kí á di ẹrù sí i tó, kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 1,160 kílò lọ. Ìyẹn kò tó ìwọ̀n mọ́tò kékeré tí ènìyàn kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì tó mítà 11. Iṣẹ́ apá náà ni kí afẹ́fẹ́ gbé e, afẹ́fẹ́ kò sì mọ̀ pé bàálù wà lórí jáàkì. Nítorí náà inú ilé ni a ti ń gbé e, lórí kọnkéré tí ó tẹ́jú, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹni tí ó mọ ọyẹ́ Ìlọrin, àti ìjì tí ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, kò ní bi wá ní ìdí.

Bàálù kọ̀ọ̀kan ní ìwé àtúnṣe tirẹ̀. Ìwé yìí ni ó ń sọ ibi tí orí jáàkì yóò ti kan bàálù. Bí a bá ti jáàkì sí ibòmíràn, ara bàálù lè tẹ̀ wọnú bí agolo. Mẹkáníìkì tí kò lè kàwé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Fún Piper PA-28, jáàkì kan á wà lábẹ́ apá ọ̀tún, ọ̀kan lábẹ́ apá òsì. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń bẹ ní imú, imú sì lè dojú kọlẹ̀. A ó so ìrù mọ́ irin ìdúró kan, a ó di ẹrù lé ẹsẹ̀ irin náà. Ìwé ní kí ẹrù náà tó nǹkan bí 250 pọ́n-ùn, èyí tí ó fi díẹ̀ ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ.

Ẹni méjì ni yóò máa fa jáàkì, ẹnì kẹta á dúró níwájú, á máa wo apá méjèèjì. “Ẹ rọra o! Ọ̀tún ti ga jù.” Kí wọ́n dúró kí òsì bá a. Bí apá kan bá ga ju èkejì lọ, orí jáàkì lè yẹ̀. Bí wọ́n ti ń gbé e, kí wọ́n máa yí òrùka tí ó wà lára ọ̀pá jáàkì wá sílẹ̀. Bí ọ́ìlì jáàkì bá jò, òrùka yìí ni yóò dá bàálù dúró. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹni tí ó wà lábẹ́ bàálù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú bàálù nígbà tí ó wà lókè. A mọ ọmọṣẹ́: ó lè fẹ́ sáré wọlé lọ mú sípánà tí ó gbàgbé. Kí ó fi í sílẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí á kó àkàbà, àpótí àti irinṣẹ́ kúrò lábẹ́. Kí á tú òrùka díẹ̀díẹ̀, kí á sọ jáàkì méjèèjì kalẹ̀ pọ̀. Ó di ìgbà tí táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tẹlẹ̀ dáadáa kí á tó tú ìrù sílẹ̀.