Ta Ni Alágbára? Ẹ̀kọ́ Lára Ìgbésí Ayé Dick Tiger

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.).

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ǹjẹ́ Mùsùlùmí lè fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ṣe iṣẹ́ ṣe? Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á wo abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kan.

Richard Ihetu, tí ayé mọ̀ sí Dick Tiger, jẹ́ ọmọ Ìgbò láti Amaigbo. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà lára rẹ̀. Ní 1955 ó lọ sí Liverpool. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀, wọ́n na án nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò torí ìyẹn sá wálé. Ní 1962, ó na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé àwọn tí kò fúyẹ́ jù, tí wọn kò sì wúwo jù. Ní August 10, 1963, àwọn méjèèjì pàdé ní Liberty Stadium, Ìbàdàn. Lẹ́yìn ráùńdù keje, Fullmer kò lè jà mọ́. Tiger pàdánù bẹ́líìtì náà lọ́dún yẹn kan náà, ó sì gbà á padà ní 1965. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló pa á ní 1971, lẹ́ni ọdún 42.

Ẹ̀kọ́ kìíní: sùúrù. Ẹni tó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin ṣì lè dìde. Ẹ̀yin tí ìdánwò WAEC gbé ṣubú, ẹ gbọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì: Ànábì (S.A.W.) kọ̀ fún wa láti lu ènìyàn lójú. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Bẹ́ẹ̀, ojú àti orí gan-an ni abẹ̀ṣẹ́ ń wá. Ní 1987, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Fikihi ti Rabita ní Mọ́kà pinnu pé ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kò tọ́ fún Mùsùlùmí, nítorí ìpalára rẹ̀. Eré sísá, bọ́ọ̀lù àti odò wíwẹ̀ wà fún ẹni tó fẹ́ kí ara òun le.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Ànábì (S.A.W.) kọ́ wa pé alágbára kì í ṣe ẹni tó ń dá ènìyàn mọ́lẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó kó ara rẹ̀ níjàánu nígbà tí inú bá ń bí i. Àwọn àgbà náà ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Nígbà tí wọ́n bá bú ọ ní gáréèjì tàbí lórí pápá, ìgbà náà ni a ó mọ agbára rẹ.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní agbára ọkàn. Àmín.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Kí ni ìwọ ṣe nígbà tí inú bí ọ kẹ́yìn?