Èdè-Ìperí fún Ìpàdé Iṣẹ́ Àwọn Olùṣe Sọ́fítíwià: Àáró ni tàbí Ọ̀wẹ̀?

Ní oṣù kẹfà ọdún 1999, olùṣe sọ́fítíwià 10 péjọ sí ìlú Calgary ní orílẹ̀-èdè Kánádà láti jọ ṣiṣẹ́ lórí OpenBSD. Kì í ṣe ìgbafẹ́ ni wọ́n bá lọ. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà ká wọn lọ́wọ́ kò lórí fífi sọ́fítíwià tí ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí ránṣẹ́ sí òkè-òkun, wọ́n sì wá ibi tí ọwọ́ òfin náà kò ti tó wọn. Ìpàdé yẹn ni wọ́n sọ ní hackathon. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe Zope, sọ́fítíwià tí a fi ń gbé ìwé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń pe tiwọn ní sprint. Lọ́dọ̀ wọn ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Plone, tí a kọ́ lé Zope lórí, ti mú àṣà náà. Àwọn ti Drupal ṣe DrupalCon àkọ́kọ́ ní Antwerp ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 2005. Àwọn ti WordPress ṣe WordCamp àkọ́kọ́ ní San Francisco ní oṣù kẹjọ ọdún 2006. Ọ̀rọ̀ sísọ ni ó pọ̀ jù nínú ìpàdé méjèèjì wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó ti di àṣà láti ya ọjọ́ iṣẹ́ sọ́tọ̀ níbẹ̀. Orúkọ tí ó yẹ kí Yorùbá pe irú ọjọ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ yìí.

Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn atúmọ̀ èdè ni kí ó mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, kí ó tú u wò. Sprint jẹ́ eré kúkúrú tí a fi gbogbo agbára sá. Hackathon gba ìrù rẹ̀ lọ́wọ́ marathon, eré tí ó lé ní kìlómítà 42. Eré kúkúrú àti eré gígùn ni a fi sọ ohun kan náà lórúkọ! Èyí tó láti fi hàn pé eré kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀. Ní ti hack, etí àwọn ará ìlú ti gbà á bí orúkọ olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n bá wá yá gbọ̀ngàn lọ́wọ́ rẹ̀ fún un lè kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá ná. Ọ̀rọ̀ àyálò kò burú níbi tí kò bá sí ti ilé. Níbí, ti ilé wà, ó sì ju ẹyọ kan lọ. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Kí a tó lè yàn nínú wọn, ó yẹ kí a mọ bí ìpàdé náà ti ń lọ. Sọ́fítíwià orísun ṣíṣí ni èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kà, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in. Àwọn tí ń ṣe é wà káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ ara wọn lójú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń péjọ: àríyànjiyàn tí lẹ́tà yóò máa gbé lọ gbé bọ̀ fún oṣù kan lè parí nídìí tábìlì kan láàárín wákàtí kan. Ẹni tí ó pe ìpàdé ni yóò wá ilé, iná mànàmáná, íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní já, àti oúnjẹ. Kì í san owó iṣẹ́ fún àwọn tí ó wá. Ọjọ́ díẹ̀ ni ìpàdé náà sábà máa ń gbà. Ṣáájú ọjọ́ náà ni a ó ti kọ iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ sílẹ̀, tí a ó sì bù ú wẹ́wẹ́, títí ìpín kan kò fi ní ju ohun tí ènìyàn méjì lè parí kí wọ́n tó tú ká. Méjì-méjì ni àwọn ará Zope fi ń jókòó: ọ̀kan ń tẹ̀ ẹ́, ìkejì ń wò ó, ó ń bi í léèrè, wọ́n sì ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn; bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń kọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ibi tí irú ìpàdé yìí ti ń tètè bàjẹ́ ni òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí kọ̀ǹpútà àwọn àlejò kò bá tíì ní ohun èlò tí iṣẹ́ náà ń fẹ́, ilẹ̀ lè ṣú kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kan. Olùpè tí ó mọṣẹ́ a máa fi ìtọ́ni ránṣẹ́ ṣáájú. Ibi kejì ni ìparí rẹ̀: iṣẹ́ tí a kò dà pọ̀ mọ́ ti gbogbogbòò kí àwọn àlejò tó wọkọ̀ sábà máa ń kú sínú kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ṣe é.

Nínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ilẹ̀ Yorùbá, méjì ni ó súnmọ́ èyí. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ a máa ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a bá ṣe tirẹ̀ lónìí ti jẹ gbèsè, yóò sì san án lóko ẹlòmíràn. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ńlá wà lọ́rùn rẹ̀, bí ilé mímọ tàbí ilé bíbò, a bẹ àwọn ènìyàn. Wọn a wá bá a ṣe é, òun a sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Ẹni tí ó bá fi àáró pe ìpàdé àwọn olùṣe sọ́fítíwià ti di gbèsè rù wọ́n láìmọ̀. Ọ̀dọ́ tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní WordCamp kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó jẹ ẹ́. Oúnjẹ tí olùpè ń pèsè, àti bíbẹ̀ tí a bẹ ènìyàn dípò kí a háyà rẹ̀, ti ọ̀wẹ̀ ni méjèèjì.

Àtakò kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣé ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ kọ́ ni ó ni ilé? Bí ilé-iṣẹ́ kan bá bẹ ọ̀wẹ̀ sọ́fítíwià, tí ó sì bọ́ àwọn àlejò yó, kí ni yóò dá a dúró tí kò fi ní rò pé ti òun ni ohun tí wọ́n ṣe? WordPress, Drupal àti Plone wà lábẹ́ ìwé-àṣẹ GPL, ìwé náà sì sọ pé ẹni tí ó bá gba sọ́fítíwià gba ẹ̀tọ́ láti tún un ṣe àti láti pín in pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ tí ó bá fi oko náà sí ọwọ́ olùpè yóò máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní irọ́.

Ọ̀wẹ̀ àna ni ó dáhùn àtakò yìí. Ọkọ ìyàwó ni ó ń bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun ni ó ń kó wọn lọ. Síbẹ̀, oko tí wọ́n ro, oko bàbá ìyàwó ni, ilé tí wọ́n bò kì í sì í ṣe ibi tí olùpè ń sùn. Ọ̀wẹ̀ kò fi ìgbà kan sọ, nínú ìtumọ̀ rẹ̀, pé olùpè ni olóko. Ohun tí ó sọ ni pé bíbẹ̀ ni a bẹni. Ẹni tí ó ni oko, ìbéèrè mìíràn ni, ìwé-àṣẹ ni yóò sì dáhùn rẹ̀. Nítorí náà ọ̀wẹ̀ sọ́fítíwià ni ó tọ̀nà jù. Ó tún ní àǹfààní pé ó lè bímọ: nígbà tí àwọn ti WordPress ya ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2016 sọ́tọ̀ fún títú sọ́fítíwià náà sí oríṣiríṣi èdè, ọ̀wẹ̀ ìtumọ̀ ni wọ́n ṣe.

Bí a bá ti gba ọ̀wẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká kò ṣòro mọ́. Àtúnṣe kékeré tí a lẹ̀ mọ́ sọ́fítíwià ni àbùlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti aṣọ. Ibi tí àkọsílẹ̀ wà, tí a ń kó iṣẹ́ tuntun sí, ni àká. Ó sàn ju ilé ìkàwé tí àwọn kan ń lò, nítorí pé àká ní olùtọ́jú tí ń yẹ ohun tí ó ń wọlé wò. Àbùkù ni kí a pe àṣìṣe inú sọ́fítíwià. Kòkòrò tí àwọn kan tú u sí kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibì kan wà tí Yorùbá ti ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, tí àwọn atúmọ̀ èdè sì ń sọ ọ́ nù. Láti ìgbà tí Richard Stallman ti dá iṣẹ́ GNU sílẹ̀ ní ọdún 1983 ni àlàyé ti ń wáyé pé free nínú free software kò sọ nípa owó. Ìdàrúdàpọ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn kan gba open source dípò rẹ̀ ní ọdún 1998. Yorùbá kò ní ìṣòro náà rárá: òmìnira yàtọ̀ sí ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó bá kọ sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ síbi tí ó yẹ kí ó kọ sọ́fítíwià òmìnira ti lọ yá ìṣòro Gẹ̀ẹ́sì wálé, nígbà tí GPL kò ka títa léèwọ̀.

Ó ku ìwé ìpè. Bẹ ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá ọ̀wẹ̀ rìn, kì í ṣe sáré: a bẹ ọ̀wẹ̀, a lọ sí ọ̀wẹ̀, ọ̀wẹ̀ parí. Ìwé tí olùpè bá kọ yẹ kí ó dárúkọ àká tí iṣẹ́ náà yóò wọ̀ àti ìwé-àṣẹ tí ó dè é, kí ẹni tí a bẹ̀ lè mọ oko ẹni tí òun ń lọ ro.