Ìlànà Àìfiṣòfò Nínú Ìkọ́ṣẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Gààrí ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ìfáárà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹnu iṣẹ́ ni a ti ń kọ́ iṣẹ́. Ẹni tó ń kọ́ aṣọ híhun, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tàbí gààrí yíyan kì í kọ́kọ́ jókòó ti ìwé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni yóò dúró sí, tí yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ yìí múná dóko, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò yẹ kí onímọ̀ ẹ̀kọ́ fojú fò dá: bí ọmọ iṣẹ́ bá rí ohun tí kò tọ́, ǹjẹ́ ó láàyè láti sọ ọ́? Àpilẹ̀kọ yìí yóò fi iṣẹ́ gààrí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣàlàyé ìlànà àìfiṣòfò, yóò sì fi hàn pé ìlànà náà kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti lè lahùn.

Orísun Ìlànà Náà

Ìdí iṣẹ́ aṣọ híhun ni èrò yìí ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1924, Sakichi Toyoda, ọmọ ilẹ̀ Jàpáánì, gbé ẹ̀rọ ìhunṣọ kan jáde tí ó máa ń dá ara rẹ̀ dúró bí fọ́nrán òwú kan bá já, kí aṣọ alábùkù má baà máa gùn sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọmọ rẹ̀, Kiichiro, ló wà nídìí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1937. Èrò bàbá wọ iṣẹ́ ọmọ: òṣìṣẹ́ Toyota tó bá rí àbùkù lè fa okùn kan láti pe olórí rẹ̀, a sì lè dá iṣẹ́ dúró títí ojútùú yóò fi dé.

Taiichi Ohno, ọ̀gá kan nínú ilé-iṣẹ́ náà, pín ìfiṣòfò sí ọ̀nà méje: ṣíṣe ju ohun tí a nílò lọ, ìdúró lásán, gbígbé ẹrù kiri, àṣejù lórí iṣẹ́, ìkójọ ọjà, ìrìn àti ìbẹ̀rẹ̀ tí kò wúlò, àti àbùkù. Ní ọdún 1988, John Krafcik, ọmọ Amẹ́ríkà, pe ìlànà yìí ní lean, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí kò lọ́ràá lára.

Ìfiṣòfò Nídìí Iṣẹ́ Gààrí

Gààrí Ìjẹ̀bú lókìkí nítorí pé ó kúnná, ó gbẹ, ó sì kan. Bíbó ẹ̀gẹ́, fífọ̀, rírin, dídì sínú àpò láti kan, títẹ̀, jíjọ̀ àti yíyan ni iṣẹ́ inú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í pẹ́ bàjẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ tó wà ní òkìtì nídìí ẹ̀rọ, tó ń dúró de ìgbà tí yóò kàn án, owó tó ń ṣòfò ni.

Ṣùgbọ́n ìdúró ju ìdúró lọ. Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rírin fi ń kan nínú àpò kì í ṣe òfò rárá. Òun ló ń fún gààrí Ìjẹ̀bú ní adùn rẹ̀, ó sì wà lára ohun tó ń dín oró sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ kù. Ẹni tó bá gé ọjọ́ yìí kúrú nítorí pé ó fẹ́ yára, ọjà ló bàjẹ́, kò dènà òfò kankan. Kì í ṣe aago ni yóò sọ ìyàtọ̀ ìdúró méjèèjì; ẹni tó ti fi imú àti ọwọ́ mọ gààrí ni.

Ká ní agbada lè yan àpò 4 lójúmọ́, tí ẹ̀rọ sì ń rin àpò 10. Àpò 6 ni yóò ṣẹ́kù lójoojúmọ́; iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré yóò fi àpò 18 sílẹ̀ tí kò ní rí agbada lásìkò, wọn yóò sì kan rékọjá bó ti yẹ. Ẹ̀rọ tó ń sáré kò mú kí gààrí pọ̀ sí i. Agbada ni ó yẹ kó máa pàṣẹ iye ẹ̀gẹ́ tí a ó wú.

Ìbéèrè "Kí Ló Dé?"

Ní Toyota, a máa ń bi ìṣòro ní "kí ló dé?" léraléra títí a ó fi kan gbòǹgbò rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, gààrí di kókó nínú agbada. Kí ló dé? Omi ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ló dé? A kò tẹ̀ ẹ́ pẹ́ tó. Kí ló dé? Àpò kò tó, wọ́n sì tètè tú u kí wọ́n lè lò ó fún ẹlòmíràn. Bí a bá dúró lórí ìbéèrè kìíní, ẹni tó ń yan gààrí ni a ó bá wí. Nígbà tí a bá dé òpin, a ó rí i pé àpò ni ó yẹ kí a rà. Ìbáwí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan níhìn-ín. Ìbéèrè ló kọ́ gbogbo wọn.

Ọ̀wọ̀ àti Ìfọkànsíṣẹ́

Ìdènà tó wà nínú àṣà wa ni pé ọmọ iṣẹ́ tó bá sọ̀rọ̀ lè di aláfojúdi lójú ọ̀gá. Síbẹ̀, àwọn baba wa ló ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n tún ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Toyota pàápàá, nínú ìwé ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2001, fi ìbọ̀wọ̀ fún ènìyàn ṣe ọ̀kan nínú òpó méjì tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ ró. Àtúnṣe láìdáwọ́dúró ni èkejì. Ọmọ iṣẹ́ lè kúnlẹ̀ kí ó sì sọ òótọ́. Ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn náà, nípa bíbéèrè àti nípa títẹ́tí sílẹ̀. Bí àbá tí òṣìṣẹ́ mú wá bá sì di ohun tí a fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún ní dá àbá mìíràn mọ́. Ara rẹ̀ yóò wà níbi iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀.

Ohun Tó Kan Olùkọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó wà lẹ́nu ìdánrawò jẹ́ ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú. Bí alábòójútó bá kàn fún un ní máàkì tó sì lọ, òwú ti já, aṣọ ṣì ń gùn. Ó sàn kí wọ́n jọ wá ibi tí ẹ̀kọ́ ti já mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n sì bi í ní "kí ló dé?" títí yóò fi yé wọn. Nínú kíláàsì bákan náà, ọmọ tó sọ pé kò yé òun ti fa okùn. Kò yẹ kí ó rí ẹ̀sín.

Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn nínú àyẹ̀wò yìí pé ìlànà àìfiṣòfò kì í ṣe lílé òṣìṣẹ́ ní eré. Ó jẹ́ mímọ ìdúró tó ní èrè yàtọ̀ sí èyí tí kò ní, àti wíwá gbòǹgbò àbùkù dípò ẹni tí a ó bá wí. Nínú gbogbo ìfiṣòfò, ọgbọ́n tí òṣìṣẹ́ ní tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ló burú jù.