"Ṣé Yẹtí Máa Ń Yún Yín?": Ìbéèrè Kan Ṣáájú Iṣẹ́ Abẹ Orúnkún

Bí orúnkún àgbàlagbà bá ti bàjẹ́ kọjá oògùn, dókítà lè gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, kí ó fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Àdàlù cobalt àti chromium ni irin tí wọ́n sábà máa ń lò, nickel díẹ̀ sì máa ń wà nínú rẹ̀. Nickel yìí kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ yẹtí olówó pọ́ọ́kú àti irin bẹ́líìtì. Ara àwọn kan kò gbà á: ibi tó bá ti kan awọ wọn á máa yún, á sì sú, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè. Bí nọ́ọ̀sì bá bi ìyá àgbà pé, "Màmá, ṣé ẹ ní alẹ́jì?", ó lè ní rárá, torí pé oúnjẹ àti oògùn ni ọ̀rọ̀ àyálò yìí ń mú wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí a bá lo "èèwọ̀", ọkàn rẹ̀ lè lọ sórí ohun tí ìdílé rẹ̀ kì í jẹ. Ohun tí Yorùbá ń sọ ni "Ara mi ò gbà á". Ọ̀rọ̀-ìṣe "gbà" sì ń béèrè àbọ̀: kí ni ara ò gbà? Nítorí náà, ẹ dárúkọ nǹkan náà: "Màmá, ṣé yẹtí tàbí aago ọwọ́ máa ń yún yín?"

Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Wọ́n lè lẹ ohun kékeré tí nickel wà nínú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọjọ́ méjì láti fi dán ara wò. Èyí kò ní kó má gba orúnkún tuntun. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni kì í ní ìṣòro. Irin mìíràn bíi titanium sì wà tí dókítà lè yàn.

Bí iṣẹ́ abẹ bá ti kọjá, tí orúnkún ń wú, tó ń dùn, tàbí tí ara ń sú, ẹ má fi ìpara bò ó mọ́lẹ̀ nílé. Kòkòrò àrùn ni dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá nínú ẹ̀jẹ̀ àti omi orúnkún, nítorí àmì méjèèjì jọra, ti kòkòrò sì léwu jù. Pípààrọ̀ irin náà ló máa ń gbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ ṣíṣe: ẹ bi àgbàlagbà kan nílé ní ìbéèrè méjèèjì, kí ẹ sì fi ìdáhùn wé ara wọn.