Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ Má Tíì Kó Páìpù Dànù

ÌBÉÈRÈ: Dùùrù onípáìpù kékeré kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kaduna, àwọn bàbá wa ló rà á. Bí ọyẹ́ bá ti dé, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ohùn kan á sì máa ké nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ ẹ́. Ìgbìmọ̀ ní ká kó páìpù dànù, ká ra oníkọ̀ǹpútà. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká kàn fi kọ̀ǹpútà kún un, kó lè tóbi sí i. Èwo ni ká ṣe? – Akọrin, Kaduna.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó páìpù yẹn dànù. Èyí tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa ń lo ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Ọyẹ́ ló ń mú kí igi gbẹ, òun ló ń la awọ. Ẹ tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ má tẹ nǹkan kan, kí ẹ gbé etí lé àpótí tí páìpù dúró lé. Bí ẹ bá gbọ́ ṣììì, ibẹ̀ ló ti ń jò. Kí wọ́n pààrọ̀ awọ ẹwìrì tó ti ya, kí wọ́n dí igi tó sán, kí wọ́n gbọn eruku tó há sẹ́nu fáàfù, tí kò jẹ́ kó padé. Ibí ni kí owó kọ́kọ́ lọ.

Ní ti ohun tí àwọn ọ̀dọ́ sọ, béèsì ni kọ̀ǹpútà ti wúlò. Páìpù tó gùn jù nínú ohùn ẹsẹ̀ bàtà 16 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 5, ti 32 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 10. Sípíkà ńlá tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn páìpù lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ooru bá mú, ohùn páìpù á gòkè, ti kọ̀ǹpútà ò ní kúrò lójú kan. Bí ooru ọ̀sán bá fi ìwọ̀n 10°C ju ti àárọ̀ ọyẹ́ lọ, ìyàtọ̀ wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta sẹ́mítóònù. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn á mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tó ń wọn ooru sí i, kí kọ̀ǹpútà lè máa tẹ̀lé páìpù.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti èèyàn tí yóò kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àgbà. T.K.E. Phillips ló wà nídìí dùùrù ní Kàtídírà Marina, l'Ékòó, láti 1914 di 1962. Ọwọ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, olórin ńlá nì, ti kọ́ dùùrù, ọmọ Phillips fúnra rẹ̀ ló sì gbapò lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ fi ọ̀dọ́ méjì ti oníṣẹ́ tó máa tún dùùrù yín ṣe láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí wọ́n bá a tú u, kí wọ́n sì bá a tò ó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó san kọ́bọ̀.