Ọkọ̀ Ìjàpá

Ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ṣe rogodo bí igbá ahun. Nítorí náà ni àwọn Yorùbá fi ń pè é ní Ìjàpá. Volkswagen ni àwọn ará Jámánì tí ó ṣe é sọ ọ́, èyíinì ni ọkọ̀ ará ìlú. Ṣùgbọ́n ará ìlú kò tètè rí i gùn. Ní 1938, ìjọba Hitler ní kí tálákà máa dá owó díẹ̀díẹ̀ kí ó lè fi gba ọkọ̀. Àwọn tí ó dá a lé ní 300,000. Ogun dé, ẹnìkan nínú wọn kò rí ọkọ̀ gbà. Tipátipá ni a sì fi mú àwọn tí a kó lógun ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1945, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, Ivan Hirst, ni ó gbé ilé-iṣẹ́ náà dìde.

Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í gba omi. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì náà wà, ó tẹ táyà tí ń ti ọkọ̀ lọ mọ́lẹ̀, kì í sì í tètè rì sínú ẹrẹ̀: ohun ńlá ni èyí lójú ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà oko Mámu nígbà òjò. Ní 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, níbi tí bọ́ọ̀sì Volkswagen ti di dánfó. Mẹ́síkò ni a ti ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní 2003, nígbà tí iye rẹ̀ ti lé ní 21,000,000.