Kúrunmí àti Ìṣubú Ìjàyè: Ohun Tó Yẹ kí Olùkọ́ Fi Kún Àlàyé

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ìdí tí Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, fi ṣubú nínú Ogun Ìjàyè (1860–1862). Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti Ìkòtún àti Ìgàndò a máa kọ́kọ́ rò pé Ìfàkò-Ìjàyè tó bá Alímọ̀ṣọ́ pààlà ni wọ́n ti ja ogun náà. Kí olùkọ́ fi máàpù hàn wọ́n: ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ìjàyè Kúrunmí wà, ní ìhà àríwá Ìbàdàn.

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1836, Aláàfin Àtìbà fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn joyè Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí joyè Kakaǹfò. Olúyọ̀lé gbógun ti Ìjàyè nínú Ogun Bátẹ̀dó ní 1844. Kò rí i ṣẹ́.

Àtìbà wàjà ní 1859. Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, gorí ìtẹ́ dípò kí ó bá bàbá rẹ̀ kú gẹ́gẹ́ bí ìṣe àtijọ́. Kúrunmí kọ̀ láti gbà á lọ́ba. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń dúró sí, pàápàá àwọn tó ń fi eré oníṣe Ọlá Rótìmí kọ́ni. Ṣùgbọ́n aáwọ̀ lórí ẹni tí yóò máa gba ìṣákọ́lẹ̀ àwọn ìlú apá òkè odò Ògùn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ogún obìnrin olówó kan tó kú láìní àrólé ló wá bu epo sí iná.

Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Balógun Ìbíkúnlé àti Ọ̀tún Ògúnmọ́lá ló kó ogun Ìbàdàn lọ. Ní Ìbàdàn, ẹni tó bá mọ ogun jà lè di olóyè, nítorí náà bí ọ̀gágun kan bá ṣubú, òmíràn wà nílẹ̀. Ní Ìjàyè, Kúrunmí nìkan ló ń dájọ́, òun ló wà nídìí òrìṣà, òun náà ló ni ogun. Ó ti rẹ́yìn àwọn olóyè tó lè bá a dọ́gba. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ akọni ṣubú ní Ìwawùn, kò sí ẹni tí yóò rọ́pò wọn. Èyí, lójú tèmi, wúwo ju ọ̀rọ̀ Àrẹ̀mọ lọ.

Kúrunmí kú ní 1861, ogun kò tíì parí. Ìjàyè fọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1862. Ọ̀pọ̀ ará ìlú sá lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí àdúgbò wọn ṣì ń jẹ́ Ìjàyè títí dòní.

Ìbéèrè tí mo máa ń fún kíláàsì ni pé: bí Kúrunmí bá ti gba Adélù lọ́ba, ṣé Ìbàdàn ìbá fi Ìjàyè lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn kan a ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi kò sí lára wọn.